Bí Mo Ṣe Ta Àmì Ohùn Kan, Tí Mo Fi Ra Fìlà Wúrà

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba máàkì. Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé, nítorí gbólóhùn tó bá lè ní ìtumọ̀ méjì kì í jẹ́ kí n gbádùn. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Ọ̀tà níbí, èmi ni mo sì ń fún àwọn ẹlòmíràn ní máàkì. Bírò pupa mi kì í gbẹ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó àwọn bírò pupa tó ṣẹ́ kù sínú agolo mílíìkì kan, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní ó parí. Mi ò mọ̀ pé ìdánwò tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló dá ojúlé kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwa tí à ń gbé ní Ọ̀tà, Ṣàngó, Ìtẹ̀lé àti agbègbè wọn. Bí ẹnì kan bá ní ìbéèrè, yóò kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dáhùn, àwọn yòókù á sì fi àtàǹpàkò ṣe ìdájọ́. Bí wọ́n bá na àtàǹpàkò sókè fún ọ, máàkì kan wọlé. Bí wọ́n bá nà á sísàlẹ̀, máàkì kan jáde. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá jìn sí ìsàlẹ̀ òdo, wọn kì í lé e jáde o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi nǹkan aláwọ̀ eérú bò. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ibì kan tí wọ́n kọ “Ṣé ó dá ọ lójú?” sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, wọ́n á gbé fìlà wúrà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì kọ “Àgbà” sí abẹ́ rẹ̀.

Láyé tiwa, ọjọ́ orí àti ìwà ló ń sọ ènìyàn di àgbà. Níbẹ̀, àtàǹpàkò ni. Mo rí ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tí ì pinnu bóyá kó hù tó jẹ́ Àgbà, èmi tí mo ní ọmọ-ọmọ mẹ́fà sì ni wọ́n kọ “Àlejò” sí lábẹ́ orúkọ.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú máàkì wọn pátápátá. Tíṣà tó bá ń bú máàkì ń bú oúnjẹ tó jẹ dàgbà ni. Ní oṣù kejì tí mo wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wa dákẹ́. Mo béèrè ohun tí mo lè ṣe. Ènìyàn mẹ́sàn-án dáhùn. Ọ̀kan ní kí n fi igi gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan ní kí n wo ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí mi ládùúgbò. Ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn kò tilẹ̀ tíì dáhùn, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí: ṣé ẹ̀rọ náà ń kùn? Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ìgbà wo ni iná wá lójijì gbẹ̀yìn? Fọ́ọ̀mánù ni ní ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ẹ̀rọ má dákẹ́. Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó ní nǹkan kékeré kan ṣoṣo ni kí n pààrọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, omi yọ. Láàárín ariwo ènìyàn mẹ́sàn-án, máàkì ló fi ẹni tó mọ iṣẹ́ hàn mí. Mi ò ní gbàgbé ìyẹn.

Àmọ́ o, máàkì kan náà yìí ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ti kọ “E kaaro o, gbogbo ile” láàárọ̀. Àádọ́rùn-ún àtàǹpàkò fún “ẹ káàárọ̀” lásán! Lọ́jọ́ kan náà, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣàlàyé fínnífínní bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, àtàǹpàkò mẹ́rin ló rí gbà. Èmi ni ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn.

Ohun tó bà mí jẹ́ lọ́dọ̀ wọn nìyí. Obìnrin kan kọ ọ́ báyìí pé: “E gba mi o! Oko mi ti baje ni Sango lati aaro, ko si eni to fe ba mi gbe e.” Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti ń júwe ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ fún un, ẹlòmíràn ti ń gbàdúrà pé Ọlọ́run yóò dá olówó orí rẹ̀ padà sí ọ̀nà rere. Mo ronú pé ó yẹ kí àgbà dá sí i. Mo kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, arábìnrin, ẹ bá wa fi àmì sí i. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀, mẹkáníìkì la ó pè. Bí ó bá jẹ́ ọkọ, ẹbí la ó pè.”

Àtàǹpàkò sísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò àárín ọdún.

“Baba, ọkọ̀ bàjẹ́ lójú títì, ẹ ń béèrè àmì. Ṣé àmì ni yóò wọ́ ọ kúrò níbẹ̀?”

“Ẹ dákun, ta ló pe tíṣà síbí? A ti ṣe wáẹ́kì tán láyé o!”

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Àmì!”

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti wà ní máàkì mọ́kàndínlógún ní ìsàlẹ̀ òdo, eérú sì ti bo ọ̀rọ̀ mi. Mo fi han ìyàwó mi. Ó gbé ìgò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Bàbá wọn, ẹ wò ó, kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ bi wọ́n pé ‘Ṣé ó dá ọ lójú?’ Ó ti pẹ́ tí èmi ti ń bi ara mi bẹ́ẹ̀.”

Ó yẹ kí n kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tó le fún tíṣà bíi kó fìdí rẹmi. Mo jókòó, mo kọ́ ẹ̀kọ́ àwọn tó ń gbégbá orókè, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà kí wọ́n ṣe. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà kì í gba máàkì, ẹni tó ń yìn wá ló ń gbà á. Nítorí náà mo di ẹni tó ń yin ni. “Òótọ́ ọ̀rọ̀!” “Ẹ kú làákàyè!” Mo kí àwọn Mùsùlùmí ní Jímọ̀, mo kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní ọjọ́ ìsinmi, mo sì kí àwọn tí kò bá sí nínú méjèèjì ní ọjọ́ Ajé. Bí mo bá rí “ife” tí mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ife tí a fi ń mu omi, mo na àtàǹpàkò sókè, mo kọjá lọ. Nígbà àkọ́kọ́, ó dùn mí bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé òkúta mì. Nígbà tó yá, kò dùn mí mọ́, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Eérú ká kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n pa “Àlejò” rẹ́ lábẹ́ orúkọ mi, wọ́n kọ “Ará Ilé” síbẹ̀. Máàkì mi di igba, ó di ọ̀ọ́dúnrún, ó di irinwó. Bí mo bá jí, mo máa ń wò ó kí n tó fọ ẹnu.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ku máàkì mẹ́rin péré kí n dé fìlà. Mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, eruku àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba Ìdí-Ìrókò lọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nígbà tí Àlàájà tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa níyà wọlé. Láti apá Ìjẹ̀bú ló ti wá, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta ọjà kéékèèké ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

“Tíṣà, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ yá mi ní bákẹ́ẹ̀tì yín tó nípọn yẹn. Mo fẹ́ fi dán nǹkan kan wò.”

“Ẹ mú un, Àlàájà. Ṣé kò ní fọ́?”

“Bí ó bá fọ́, ẹ ó fún mi ní òdo.”

A jọ rẹ́rìn-ín, ó gbé bákẹ́ẹ̀tì lọ. Mi ò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, nítorí ojú mi ti padà sórí fóònù.

Ìbéèrè tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ẹni tó béèrè fi àwòrán òdòdó ṣe ojú tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ti ń ṣe níbẹ̀: “E jowo, mo fe se ose. Bawo ni won se n po soda yen mo omi? Ewo ni ka da si ewo?” Sódà tó ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tó funfun bí iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ, kì í ṣe èyí tí à ń mu. Ó máa ń jó awọ ara bí iná. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí a máa ń ṣe ọṣẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé, òfin kan ṣoṣo ni mo sì máa ń jẹ́ kí gbogbo kíláàsì pè sókè títí yóò fi mọ́ wọn lára: omi ni yóò kọ́kọ́ wà nínú ike, kí a tó máa bu sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá da omi lé sódà lórí, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ta sí i lójú.

Fọ́ọ̀mánù wa ló dáhùn. Ó kọ ọ́ ní kánmọ́kánmọ́, bí ẹni tó fẹ́ wọlé sẹ́nu iṣẹ́: “Ti e ba fe po o, e se e nita, e wo nnkan sowo. E ma da omi si soda. Ki e si duro jinna die.”

Ẹ tún un kà. “E ma da omi si soda.” Bí ó bá jẹ́ “ẹ má,” ó ń kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “ẹ máa,” ó ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká bá méjèèjì mu. Mo mọ̀ pé fọ́ọ̀mánù mọ iṣẹ́ rẹ̀, “má” ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò sí lójú ìwé.

Ìka mi ti tẹ “Ẹ dákun, má ni o” dé ìdajì. Nígbà náà ni mo wo òkè, mo rí máàkì mi: ó ku mẹ́rin. Mo rántí ọkọ̀ tó bàjẹ́ ní Ṣàngó. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹni tí kò mọ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọṣẹ á ti wo ẹni tó ń ṣe é rí, pé èmi kọ́ ni olùkọ́ gbogbo ayé. Ẹ wo bí àwíjàre ṣe máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo na àtàǹpàkò sókè, mo sì kọ ọ́ pé: “Ìdáhùn tó péye! Ẹ kú làákàyè, ọ̀gá wa.”

Mo fi gbogbo àmì sí tèmi o. Kò sí èyí tí mo gbàgbé.

Àtàǹpàkò kan wọlé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta dé nígbà tí ìyàwó mi gbé ògì wá fún mi. Kí n tó mu ún dé ìdajì, fóònù dún, fìlà wúrà sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi bí oòrùn àárọ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

“Ó dára,” ni ó wí. “Ṣé ó ṣeé dé lọ sóde?”

Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í dá ayọ̀ jẹ. Mo gbé fóònù, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí ògiri wa ti kúrú, kí n lè fi fìlà mi han Àlàájà. Ó dúró ní àgbàlá rẹ̀, ó ti so ọ̀rá mọ́ ọwọ́ méjèèjì, bákẹ́ẹ̀tì mi wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, jọ́ọ̀gì omi ńlá kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àlàájà, ẹ bá mi yọ̀! Mo ti di Àgbà lórí fóònù!”

“Ẹ kú oríire o, Tíṣà! Alihamudu lilahi. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ na àtàǹpàkò kan sí yín nísinsìnyí ni.”

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀?”

“Èmi ni mo fi òdòdó ṣe ojú. Ẹ̀rù sódà yìí ń bà mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i pé ẹ̀yin tí ẹ kì í gba gbẹ̀rẹ́ fọwọ́ sí ìdáhùn ọ̀gá yẹn, ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ní kí n máa da omi sí sódà.”

Bó ṣe ń sọ “máa” yẹn, jọ́ọ̀gì ń tẹ̀.

Mo pariwo. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò tíì pariwo bẹ́ẹ̀: “Ẹ MÁ dà á! Má! Má ni!”

Ó ta gìrì, jọ́ọ̀gì padà dúró, ṣùgbọ́n omi bí ìkúnwọ́ méjì ti dà sínú bákẹ́ẹ̀tì. Ó hó ṣàà! Èéfín funfun sọ sókè, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ta sí Àlàájà lọ́rùn ọwọ́, níbi tí ọ̀rá parí sí. Ó figbe ta. Bí ó bá ṣe pé jọ́ọ̀gì náà dà tán ni, tí ojú rẹ̀ sì wà lókè bákẹ́ẹ̀tì bí ó ti wà, mi ò ní lè kọ ìwé yìí.

Bí mo ṣe gun ògiri yẹn ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ẹ má bi mí. Mo fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo ṣí i sí ọwọ́ rẹ̀, mi ò jẹ́ kó gbé e kúrò lábẹ́ omi náà títí ó fi pẹ́ gan-an. Ìyàwó mi ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń kí i pẹ̀lẹ́. Ibi tó jóná kò tóbi ju owó ẹyọ àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n.

Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó wo ojú mi.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ó péye.”

“‘Ẹ má’ ló ní lọ́kàn, Àlàájà. Kò fi àmì sí i ni.”

“Ṣé ẹ rí i pé kò fi àmì sí i?”

“Mo rí i.”

“Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ gbogbo ayé! Lọ́jọ́ tí mo kọ ‘Ewa wa’ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ dúró nínú oòrùn, ẹ bá mi tún un kọ. Kí ló dé tí ẹ ò fi fi àmì sí èyí?”

Ìyàwó mi náà wò mí. Kò sí ìdáhùn nínú orí mi tó ju ẹyọ kan lọ, tíṣà kì í sì í purọ́ nígbà ìdánwò.

“Mo ń wá fìlà,” ni mo wí.

Àlàájà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wo fóònù tó jábọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, “Àtàǹpàkò tèmi ló sì fi dé e fún yín.”

Òtítọ́ ni. Mo padà kà á. Tirẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ti wé ọwọ́ Àlàájà, mo jókòó, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ ìdáhùn fọ́ọ̀mánù. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo kọ ọ́ pé mo rí àṣìṣe náà, pé mo dákẹ́ nítorí máàkì, àti pé ènìyàn ti fi ara gbọgbẹ́ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ṣàlàyé “má” àti “máa” bí ẹni tó dúró níwájú pátákó.

“Bàbá Àmì ti tún dé o!” ni ẹni àkọ́kọ́ kọ. Ẹlòmíràn ní mo ń ba ọ̀gá wọn lórúkọ jẹ́. Àtàǹpàkò sísàlẹ̀ rọ̀. Kí wọ́n tó fun fèrè àṣáálẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wa, fìlà wúrà ti ká kúrò lórí mi. Wákàtí mẹ́wàá péré ni mo fi ṣe Àgbà.

Fọ́ọ̀mánù ti ibi iṣẹ́ dé, ó ka gbogbo rẹ̀. Àwọn tí máàkì wọn pọ̀ bíi tirẹ̀ ní àṣẹ láti gbé ọ̀rọ̀ kan sókè pátápátá, níbi tí ẹni tó bá wọlé kò ní lè ṣàì rí i. Ó tún ìdáhùn rẹ̀ kọ: “Ẹ MÁ da omi sí sódà. Sódà ni kí ẹ máa bù sínú omi.” Ó gbé tèmi sí abẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: “Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ yéé na àtàǹpàkò sísàlẹ̀ sí Tíṣà.” Àwọn tó bú mi lọ́sàn-án ni wọ́n ń yìn ín lálẹ́ pé ó ní ìrẹ̀lẹ̀. Ó gba ọgọ́jọ máàkì. Inú mi kò bàjẹ́ sí i. Ó yẹ ẹ́, ohun tó sì ṣe yẹn gan-an ni mo rò pé máàkì wà fún: kí ẹni tó ní i fi gbé òtítọ́ sókè, bí òtítọ́ náà tilẹ̀ kàn án.

Àlàájà ti ń ṣe ọṣẹ rẹ̀ báyìí, ó sì ń tà á. Àpá kékeré kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọṣẹ méjì ránṣẹ́ sí mi, ó fi bébà wé wọn, ó sì kọ ọ́ sára bébà náà pé: “Ẹ má fi fọ fìlà o.” Ó fi àmì sórí “má” náà, ó tẹ bírò mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Mo ṣì wà lórí ojúlé yẹn. Mo ṣì ń wo máàkì mi láàárọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo ti ń fọ ẹnu kí n tó wò ó. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí dé ibí, kò pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí “ma” kan tí kò ní nǹkan lórí, tí ẹ sì mọ̀ pé ó lè ṣe ẹnì kan ní jàǹbá, ẹ béèrè èwo ni. Wọ́n lè na àtàǹpàkò sísàlẹ̀ sí yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà á. Ẹ má dákẹ́. Má ni mo kọ o, kì í ṣe máa.